Ẹranko Kan Tí Wọ́n Ń Pè Ní Káfíńtà

Ọmọ mi, ìyá mi,

Mo kí ọ láàárọ̀ yìí kí n tó mú ayùn lọ́wọ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orí tó máa ń fọ́ ọ ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ méjèèjì ńkọ́, ṣé èyí àbúrò ti ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sinmi? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun náà ló ń ṣọ́ àwa tí a wà nílẹ̀, kò ní sùn lé yín lórí, kò sì ní gbàgbé wa. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń gun àtẹ̀gùn gígùn yẹn lójoojúmọ́ kò ní yẹ̀. Ní tèmi, mo wà. Ẹsẹ̀ mi òsì a máa ráhùn díẹ̀ tí òjò bá ṣú, èmi náà a máa bá a ráhùn, a sì jọ ń gbé e bẹ́ẹ̀.

Mo gba iṣẹ́ tí o rán awakọ̀ sí mi. Ó ní o ti ra bẹ́ẹ̀dì, o ti kun yàrá, ọkọ̀ yóò sì wá gbé mi ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, pé kí n kó ẹrù mi sínú báàgì méjì, kí n fi àwọn irinṣẹ́ mi tọrẹ, kí n wá máa bá yín gbé títí ayé. Mo ní kó sọ fún ọ pé mo ti gbọ́. Ìwọ náà mọ̀ mí, mo ti gbọ́ kì í ṣe mo ti gbà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ là á mọ́lẹ̀ fún ọ, nítorí mo mọ bí àyà rẹ ṣe já tó lọ́jọ́ tí mo já bọ́ láti orí àkàbà níbi tí mo ti ń dí òrùlé tó ń jò, tí mo wà nílẹ̀ látàárọ̀ títí télọ̀ aládùúgbò wa fi wá bá mi ní ọ̀sán gangan. Èsì ọ̀rọ̀ náà wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Má fò lọ síbẹ̀ o. Lẹ́tà kì í ṣe ìkòkò tí èèyàn ń fi ìgbákọ wá ẹran nísàlẹ̀ rẹ̀. Rọra kà á bọ̀ láti òkè.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù tí o rà fún mi ti kún. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó kọ ọ́ síwájú ara rẹ̀ gbangba pé kò sí àyè mọ́ nínú òun. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju bátìrì lọ. Mo wá rò ó pé àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ń sọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló kó síbẹ̀, nítorí obìnrin yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ní báyìí ọ̀rọ̀ kéékèèké nìkan ni mo ń sọ sí i, ẹ pẹ̀lẹ́ àti ó dàbọ̀, títí yóò fi fà díẹ̀. Má tíì fi owó ránṣẹ́ sínú rẹ̀ o. Fóònù tí kò rí àyè fún ọ̀rọ̀ ẹnu, níbo ni yóò fi owó sí?

Ìròyìn ilé tó tóbi jù ni pé iléèwé wa ń kọ́ ọgbà ẹranko. Ó yà ọ́ lẹ́nu, àbí? Ó ti yà mí lẹ́nu jù ọ́ lọ. Tíṣà tuntun kan wà tí wọ́n gbé wá síbí, ọ̀dọ́bìnrin gíga kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè láti iwájú. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní Bàbá Káfíńtà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin òun fẹ́ kọ́ ọgbà ẹranko, ọwọ́ mi sì ni iṣẹ́ náà wà. Ọmọ mi, oríṣi ọgbà méjì ni mo mọ̀ láyé mi, ọgbà tí wọ́n ń gbin òdòdó sí, àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo sì mọ̀ pé ẹnìkan kì í gbin ẹranko. Mo wá bi í pé kí ni àwọn ẹranko ọ̀hún ṣe, adájọ́ wo ló sì dá wọn lẹ́bi. Ó ní wọn ò ṣe nǹkan kan. Mo ní gbogbo àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ka orúkọ wọn fún mi: erin, kìnnìún, ọ̀bọ, ọ̀nì, àgbọ̀nrín, àgùnfọn, àti ẹyẹ kan tó ń gbé orí yìnyín. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, mo gbà á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo mú tépù, mo lọ wọn ilẹ̀kùn kíláàsì, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé erin kò lè gba ibẹ̀ wọlé àfi tí a bá wó ògiri. Mo tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíláàsì kìíní ni kìnnìún yóò kọjú sí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kéré, ara wọn sì rọ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀ wá sílé mo gba ọ̀dọ̀ télọ̀ aládùúgbò wa, mo ní kó tètè kan ilẹ̀kùn tó le fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Télọ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìwọ náà mọ ìyàwó télọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ọ̀rọ̀ ti yí àdúgbò po, èèyàn mẹ́fà sì ti lọ bá ọ̀gá iléèwé pé àwọn ò fẹ́ ẹkùn láàárín àwọn. Ọ̀gá iléèwé bi wọ́n pé ẹkùn wo. Wọ́n ní èyí tí Bàbá Káfíńtà ń kan ilé fún.

Tíṣà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, àmì rẹ̀ ṣì wà lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di òní. Ó ní orí tábìlì ni ọgbà náà yóò wà. Páálí la fi ń ṣe ilé, amọ̀ la fi ń ṣe ẹranko, erin tó tóbi jù kò sì gbọdọ̀ ga ju ìka mi lọ. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ibi tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń gbé àti ohun tó mú kó máa gbé ibẹ̀, pé tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé fún un, wọn ò ní gbàgbé. Ojú tì mí díẹ̀. Èmi tí mo máa ń ya àpótí sórí ìwé kí n tó gé igi, ó yẹ kó ti yé mi. Mo wá bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti rí erin rí. Ó ní nínú ìwé ni. Inú mi sì dùn sí i, nítorí tíṣà tó bá mọ ohun gbogbo kì í wádìí nǹkan kan mọ́.

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ kíláàsì kẹrin ní ọjọ́ ogbó mi. Aago mẹ́wàá lójoojúmọ́ ni mo máa ń lọ. Tábìlì mẹ́rin la tò pọ̀: ọ̀kan fún igbó, ọ̀kan fún pápá, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún yìnyín. Iyẹ̀ igi tí ayùn mi ń da sílẹ̀ di ilẹ̀ pápá. Fèlèfèlè igi tí ìfági ń bó, a rẹ ẹ́ sínú ọ̀dà, ó di koríko. Ọ̀rá aláwọ̀ búlúù di odò, ọ̀nì sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ìrù rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣà kọ ìbéèrè mẹ́rin sára pátákó: níbo ló ń sùn, kí ló ń jẹ, kí ló ń bà á lẹ́rù, iṣẹ́ wo ló ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ọmọ tí kò bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan amọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ bíríkìlà tó wà lẹ́yìn ilé wa, Adájọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìgbọ́ ẹnu ìhà kejì. Ọmọkùnrin kan ní kí a kọ́ ilé àgbọ̀nrín sí ẹ̀gbẹ́ ilé kìnnìún kí oúnjẹ kìnnìún má baà jìnnà. Èmi náà mi orí, mo ní ọmọ yìí mọ ètò ilé. Adájọ́ ní ká dúró ná, ṣé àwa náà á fẹ́ kí fèrèsé yàrá wa kọjú sí ilé ẹni tó ń jẹ wá? A gbé àgbọ̀nrín lọ sí òdìkejì tábìlì, mo sì fi pákó dínà láàárín wọn kí wọ́n má lè rí ara wọn.

Ẹyẹ orí yìnyín yẹn lọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi lọ́kàn jù. Wọ́n ní ó ní ìyẹ́ ṣùgbọ́n kì í fò, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, ó sì ń rìn bí ẹni tí bàtà ń fún. Mo bi Tíṣà bóyá kí n kan fìríìjì fún un. Ó ní rárá, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹyẹ yìí wá gbọ́dọ̀ gbé òtútù rẹ̀ àti omi rẹ̀ àti ẹja rẹ̀ wá pẹ̀lú, tí kò bá rí wọn gbé, kó fi ẹyẹ sílẹ̀ níbi tó wà. Ó tún ní èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí ìyá bá ti yé ẹyin tán, bàbá ni yóò gbé e lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò dúró nínú òtútù bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì láìjẹun, kí ẹyin má baà kan ilẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré àwọn ọmọ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí ìyá rẹ lọ.

Èmi ni wọ́n fún ní ilé ọ̀bọ kọ́. Ọmọ mi, mo kan ilé! Igi tó ṣẹ́kù lára àpótí aṣọ tí mo ṣe fún ìyàwó tuntun kan ni mo lò, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Mo fi bẹ́ẹ̀dì sí i, mo fi tábìlì sí i, mo fi àga kan tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé sí i, mo sì fi ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa sí i. Mo gbé e dé kíláàsì bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Adájọ́ nìkan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń yọjú wo inú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni ọ̀bọ yóò máa ṣe níbẹ̀. Mo ní yóò jẹun, yóò sùn. Ó ní lẹ́yìn náà ńkọ́. Mo ní yóò jí, yóò tún jẹun. Ó ní lẹ́yìn náà ńkọ́.

Ọmọ tó mọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun, ṣùgbọ́n èyí fẹ́ jẹ mí tán. Mo gbé ilé náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó tì í, ni ọkàn mi bá lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe pé ẹ ò tọ́jú mi o. Oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹran inú rẹ̀ sì ń kún ẹnu. Atẹ́gùn tútù ń jáde lára ògiri, lọ́jọ́ kìíní mo tilẹ̀ kí i pé ó ṣeun, mo rò pé ẹnìkan ló wà lẹ́yìn ibẹ̀ tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ti jáde, tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí iléèwé, o máa ń ti ilẹ̀kùn nítorí olè, èmi a sì dúró lójú fèrèsé. Mo ka ọkọ̀ funfun, mo ka ọkọ̀ pupa. Lọ́jọ́ kẹrin mo tú àga tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn palẹ̀, mo sì tún un kàn kí ẹ tó dé. Kò sí ohun tó ṣe àga náà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà mo tún tú u. Mi ò sọ fún ọ títí di òní, má bínú, àga náà sì lágbára ju bí ẹ ṣe rà á lọ.

Bí mo ṣe ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni Tíṣà fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun kún un, òun yóò gbà á láàárọ̀ ọ̀la. Fọ́ọ̀mù kò ṣe àjèjì sí mi. Mo ti kún ti bánkì, mo ti kún ti ọsibítù, mo ti kún èyí tí o gbé wá fún owó àwọn àgbà, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi èèyàn. Orúkọ: mo kọ Káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mí. Ibùgbé: mo kọ ilé páànù kékeré, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó kọjú sí iléèwé. Oúnjẹ: mo ní ohun gbogbo, àfi èyí tó bá le, nítorí eyín. Wọ́n béèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ní ìdí tó fi ń béèrè, mo kọ àkàbà, mo sì kọ ìyàwó télọ̀. Wọ́n béèrè iye ọmọ tí mo ń bí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kọ ọ̀kan. Wọ́n béèrè bóyá mo lè bá ẹlòmíràn gbé inú àgọ́ kan, mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá gbé ṣùgbọ́n n kì í jà. Wọ́n béèrè bóyá mo léwu fún ọmọdé, mo ní rárá, àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kan ayùn mi. Wọ́n ní tí mo bá sá lọ, ta ni kí wọ́n pè? Mo kọ nọ́ńbà fóònù rẹ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìkan ni àyè rẹ̀ kò tó mi, mo kọ ọ́ dé ẹ̀yìn ìwé: bí mo ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ kí mi, àwọn tábìlì tí wọ́n ń gbé wá tí ẹsẹ̀ wọn ti yẹ̀, bí mo ṣe ń bá télọ̀ jiyàn lórí ẹni tó dàgbà jù nínú wa, bí mo ṣe ń gbọ́ aago iléèwé tí mo sì ń mọ̀ pé ó tó àsìkò láti mu tíì.

Fọ́ọ̀mù ọ̀bọ ni.

Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ kejì, nígbà tí Tíṣà da gbogbo fọ́ọ̀mù pọ̀ tó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kó kà á sókè láìpe orúkọ, kí àwọn yòókù sì sọ ẹranko tó jẹ́. Adájọ́ ló mú tèmi. Ó kà á láti òkè dé ẹ̀yìn. Ẹnìkan ní ìjàpá ni, nítorí eyín. Ẹnìkan ní ìnàkí àgbà ni. Adájọ́ padà sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìyàwó télọ̀, ó tún un kà, ó yíjú, ó ń wò mí. Ha, ẹ̀rín tí wọ́n rín! Ṣebí àwọn kíláàsì kẹta fò wá sójú fèrèsé. Tíṣà fẹ́ gba ìwé náà kí ojú má tì mí. Mi ò mọ ohun tó wọ inú mi, mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹranko ni èmi náà. Mo ní ọmọ mi tó fẹ́ràn mi gidi gan-an fẹ́ gbé mi lọ sí yàrá kan ní òkè kẹrin nínú ìlú ńlá, kí n má baà dá ṣubú mọ́, kí wọ́n bá mi kọ́ yàrá náà sórí tábìlì kí n wò ó.

Wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n fi páálí ìṣáná ṣe bẹ́ẹ̀dì tí o rà. Wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣe ihò tí atẹ́gùn tútù ń gbà jáde. Wọ́n fi amọ̀ mọ mí, orí mi tóbi jù ṣùgbọ́n mo gbà fún wọn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí mo ń sùn, wọ́n ní ó dáa ju ti ibí lọ. Oúnjẹ, wọ́n ní ó pọ̀ ju ti ibí lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, wọ́n ní kò sí àkàbà níbẹ̀, ìyàwó télọ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀. Mo wí fún ọ kí o lè mọ̀ pé mi ò fún wọn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n bi mí bóyá mo lè fá igi níbẹ̀, mo ní àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò pariwo. Ẹnìkan ní kí a fún mi ní ìṣó àti igi kékeré kí n máa fi ṣeré. Adájọ́ ní ta ni yóò lo ohun tí Bàbá bá kàn? Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni yóò kanlẹ̀kùn pé ẹsẹ̀ àga òun ti kán. Mo ní rárá, níbẹ̀ tí àga bá ti kán, wọ́n ń ra òmíràn ni. Ó fọwọ́ ti àgbọ̀n. Ó ní ilé náà dára, ẹranko náà dára, àmọ́ wọn ò bá ara wọn mu.

Inú mi dùn, mo ti fẹ́ dìde. Ó ní kí n jókòó, òun kò tíì gbọ́ ẹnu ìhà kejì. Ìwọ ni ìhà kejì. Ó ní ẹranko tó ṣubú láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí di ọ̀sán, wọn ò tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbí pẹ̀lú. Ó ní nínú ọgbà, ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní olùtọ́jú tó ń wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ta ni tèmi? Mi ò rí orúkọ kankan dá. Ó ní ọmọ Bàbá náà jàre nígbà náà. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ọdún yìí gbogbo ni mo ti ń bínú sí ọ nínú ikùn mi pé o fẹ́ já mi kúrò nílẹ̀ bí èpò, mi ò jókòó lẹ́ẹ̀kan kí n rò ó pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́.

Nítorí náà wọ́n pín iṣẹ́. Télọ̀ ni yóò máa kanlẹ̀kùn mi kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ yóò máa pè mí tí wọ́n bá ń lọ sí iléèwé àti tí wọ́n bá ń bọ̀, èmi a sì dáhùn pé mo wà. Tí mo bá kọ̀ tí mi ò dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sáré pe Tíṣà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ilé ìyàgbẹ́ ni mo wà tí mi ò lè tètè dáhùn, kí n tó jáde èèyàn mọ́kànlá ti wà nínú pálọ̀ mi, ìyàwó télọ̀ sì ti ń sunkún. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó fẹ́ràn mi. Ní ti àkàbà, mo ti fọwọ́ ara mi gé e. Àwọn ọ̀pá kéékèèké inú rẹ̀ ti di igi tí ọ̀bọ yóò máa gùn, mo sì ti yọ bẹ́ẹ̀dì àti àga ọ̀hún kúrò nílé rẹ̀.

Ó yá, a ti dé ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Mi ò ní lè wá máa gbé ibẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé yóò dùn ọ́ láti kà á. Kì í ṣe pé mo kọ̀ ọ́. Tí o bá fẹ́ gbé mi, wàá gbé ṣọ́ọ̀bù mi, wàá gbé télọ̀ àti àríyànjiyàn rẹ̀, wàá gbé aago iléèwé àti gbogbo tábìlì tí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀ ní àdúgbò yìí, àtẹ̀gùn yín á sì há fún wọn. Jẹ́ kí èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo lè wá kí yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó tú àga.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe kò pọ̀. Fún mi lówó tí n ó san fún ẹni tí ara rẹ̀ le kó bá mi dí òrùlé, nítorí mi ò ní gun òkè mọ́ láé, ìlérí ni mo ṣe fún ọ yìí. Fi ti ọ̀dà kún un, àwọ̀ ewé àti búlúù, agolo kékeré, àti òwú funfun fún yìnyín, èyí tí a ní ti dọ̀tí. Ẹ sì bá mi wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀wé níbẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni àgùnfọn ń sùn lórí ìdúró? Ta ló ń ya irun kìnnìún? Kí ló dé tí òwìwí fi ń yí gbogbo ọrùn nígbà tó lè yí ojú nìkan? Tíṣà ní ẹyinjú rẹ̀ kì í yí ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkọ̀ tí o ti háyà, má dá a dúró. Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣí ọgbà náà fún àwọn òbí. Wọ inú ọkọ̀ náà fúnra rẹ, ìwọ, ọkọ rẹ, àti àwọn ọmọ méjèèjì. Ọlọ́run á ṣọ́nà yín, ẹ ò ní bá ewu pàdé, ẹ ò ní bá òfò pàdé, ọmọ tí ẹ bí á wò yín bí o ṣe ń fẹ́ wò mí yìí, ọwọ́ rẹ kò ní já sófo, ọjọ́ ogbó rẹ á tutù, wàá sì ní iṣẹ́ tí wàá máa ṣe nínú rẹ̀. Adájọ́ ní èèyàn kì í gbé ẹranko tó fẹ́ràn lọ sílé, ó máa ń wá wò ó ni, léraléra, kí ẹranko náà lè dá a mọ̀. Wá máa wò mí, ọmọ mi. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.